Ọkọ̀ tí wọ́n pa tì sórí omi: ẹ má jẹ́ kó rì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Sí Olóòtú,

Àwọn òǹkàwé yín ń jiyàn lórí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n pa tì sí etí òkun àti ẹnu odò, ohun tí kálukú sì ń bèèrè ni pé ta ni yóò sanwó kíkó wọn. Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ìgbà wo ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀? Iye tí ọkọ̀ kan yóò náni kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi lórí bó ṣe tóbi tó. Bóyá ó ṣì léfòó tàbí ó ti rì ló ń pinnu rẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà (oje líle tí wọ́n fi okùn gíláàsì kún) tó gùn ní mítà 8, bó bá ṣì léfòó, ènìyàn mẹ́ta, pọ́ǹpù kan àti ọkọ̀ tí yóò fà á lè mú un dé ibi tí wọ́n ti ń tú u palẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ yẹn kan náà bá ti jókòó sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ó di iṣẹ́ òmùwẹ̀, àpò afẹ́fẹ́, báàjì (ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ń ru ẹrù) àti kíréènì, epo inú rẹ̀ á sì ti tú dà sómi kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀.

Òfin fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń fa ìdádúró tí ọkọ̀ fi ń rì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, aláṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ tí wọ́n pa tì títí ọjọ́ ìkìlọ̀ yóò fi pé. Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, tó ti ní ètò pàtàkì fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2002, kì í ka ọkọ̀ sí èyí tí wọ́n pa tì àyàfi tó bá ti wà lójú kan láìgbàṣẹ fún ohun tó ju ọjọ́ 30 léraléra lọ, tàbí ju ọjọ́ 90 lápapọ̀ lọ láàárín ọjọ́ 365. A kò bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà. Dúkìá ẹni kan ni ọkọ̀ jẹ́, kò sì dáa kí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó rìnrìn àjò tàbí ó wà lórí ibùsùn àìsàn. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí òfin ya ẹ̀tọ́ láti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ láti mú kí ọkọ̀ náà má rì. Ti àkọ́kọ́ lè dúró de ìkìlọ̀ àti ilé ẹjọ́. Ti ìkejì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe lọ́jọ́ gan-an tí wọ́n bá rí ọkọ̀ náà.

Ẹ wo bí ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bójú tó o ṣe ń rì. Kì í ṣe ìjì ló sábà ń ṣe é, òjò lásán ni. Ọkọ̀ mítà 8 tó fẹ̀ ní mítà méjì ààbọ̀ ní ojú tó tó mítà 20 níbùú lóròó tí òjò ń rọ̀ sí. Bí òjò mílímítà 100 bá rọ̀, lítà 2,000 nìyẹn, tọ́ọ̀nù méjì gbáko. Ihò tó yẹ kí omi yẹn gbà jáde kò ju bí àtàǹpàkò lọ, ewé díẹ̀ àti ìyẹ́ ẹyẹ sì ti tó láti dí i. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ọkọ̀ á máa rẹlẹ̀, títí àwọn ihò tó yẹ kó wà lókè omi á fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, omi òkun á máa gba ọ̀nà tí omi òjò yẹ kó gbà jáde wọlé. Pọ́ǹpù kékeré inú ikùn ọkọ̀ kò ní gbà á là, torí bátìrì ló ń lò, bátìrì tí kò sì sẹ́ni tó ń gba iná sí kì í pẹ́ kú.

Ibi kejì tí omi ń gbà wọlé ni ìdí ọkọ̀, níbi tí ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ti kọjá síta. Ibẹ̀ máa ń kán díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá ń bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó lé ní lítà 4 lójúmọ́, ó sì lé ní 120 lóṣù. Ibi kẹta ló burú jù: páìpù rọ́bà tó ń gbé omi òkun wá tu ẹ́ńjìnnì lára. Irin tó dè é á dípẹtà, rọ́bà á sán, páìpù á sì bọ́. Ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó wà ní ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ojú omi, ń gba nǹkan bí lítà 240 wọlé ní ìṣẹ́jú kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 14. Kò sí ọkọ̀ mítà 8 tó lè ru ìyẹn. Gbogbo ohun tí ì bá dá a dúró kò ju kí ẹnì kan ti wọlé yí fáàfù ibẹ̀ pa lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kò le. Ẹ yí gbogbo fáàfù tó ń gba omi wọlé pa. Èyí tó bá ti dípẹtà tí kò yí, ẹ má fi ipá yí i torí ó lè já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gé páìpù rẹ̀ lókè ojú omi kí ẹ fi igi rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó dí i, kí ẹ sì fi òòlù gbá a wọlé. Ẹ la gbogbo ihò orí dẹ́ẹ̀kì. Ẹ ta tápólì bo ibi tó ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá láàárín kó lè dagẹ̀rẹ̀. Tápólì tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ á di adágún omi, á sì burú ju kí ẹ má ta nǹkan kan lọ. Ẹ so okùn kejì mọ́ ọn, kí ó má baà já lọ kọlu ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó fa omi inú rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń rí àṣìṣe jù. Omi ikùn ọkọ̀ kì í ṣe omi nìkan: epo ẹ́ńjìnnì àti dísẹ̀lì ló léfòó lójú rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ju ẹnu páìpù sínú rẹ̀ tó tẹ pọ́ǹpù, epo ló ń dà sómi. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹlẹbẹ tí ń mu epo tẹ́ ojú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n fi pọlipropílìn, irú ike kan, ṣe ń mu epo, kì í mu omi. Ẹ fún èyí tó bá mu sínú gálọ́ọ̀nù. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì pa pọ́ǹpù nígbà tó bá ku sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ìyókù á lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má da ọṣẹ sí i. Ọṣẹ kì í mú epo kúrò, ńṣe ló ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tí yóò fi dà pọ̀ mọ́ omi níbi tí pẹlẹbẹ kò ti ní lè gbá a mú mọ́, tí ọmọ ẹja àti edé kéékèèké á sì máa gbé e mì.

Ẹ wá kó ohun tó lè ba omi jẹ́: epo inú tánkì, epo ẹ́ńjìnnì, bátìrì, sílíńdà gáàsì, àwọn ìbọn àmì pàjáwìrì àti agolo ọ̀dà. Bí epo kò bá ṣeé fà lọ́jọ́ náà, ẹ dí ẹnu tánkì àti ihò kékeré tó fi ń mí síta. Ihò yẹn ni epo ń gbà jáde bí ọkọ̀ bá rì. Kódà nígbà tí òmùwẹ̀ bá bọ́ sọ́dọ̀ ọkọ̀ tó ti rì, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wá rí. Ẹ ya àwòrán gbogbo nǹkan tí ẹ kó, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ojú ilẹ̀kùn ọkọ̀ nínú ọ̀rá, kí olówó rẹ̀ lè mọ ibi tí yóò ti wá gbà á. Ẹni tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í rojọ́ pé wọ́n jí òun lẹ́rù.

Iṣẹ́ yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń pani. Gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló ń kó jọ sí, ìtapàrà kan ṣoṣo sì ti tó. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọlé dáadáa, kí ẹ fi ẹ̀rọ tí ń mọ gáàsì wò ó kí ẹ tó tú wáyà bátìrì kankan. Orí tí ó ní àmì ìyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Pọ́ǹpù oníná tí wọ́n fi ń fa omi kò gbọdọ̀ kan bẹntiróòlù láé; àfọwọ́fà ló yẹ ẹ́.

Ọkọ̀ irin tún ní tiẹ̀. Yàrá tàbí tánkì irin tí wọ́n tì pa fún ọdún mélòó kan léwu ju epo lọ, torí irin tó ń dípẹtà ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó dáa ní ọ́síjìn 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá ti ka ohun tó dín sí 19.5, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Kò lóòórùn, kò sì ní àmì. Ẹni tó wọlé á kàn ṣubú lulẹ̀, ẹni tó bá sáré wọlé láti fà á jáde ni yóò di òkú kejì. Ibẹ̀ ni a ti ń rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní kíkó ìdọ̀tí lásán nílò ẹni tó kọ́ ọ.

Wíwá olówó ọkọ̀ kò sì le tó bí àwọn aláṣẹ ṣe ń sọ. Nọ́ńbà iwájú ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń ha kúrò tàbí kùn lọ́dà, wọ́n á sì gbàgbé ti ẹ̀yìn. Lápá ọ̀tún ẹ̀yìn ọkọ̀, súnmọ́ òkè, nọ́ńbà ara ọkọ̀ wà níbẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà 14 ní ìlànà àgbáyé, méjì àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e fún ẹni tó kọ́ ọ, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 12. Bí ọ̀dà bá ti bò ó, ẹ dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú díẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ̀ máa rá mọ́ ara ọkọ̀. Òjìji á gbé lẹ́tà jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù kẹjọ ọdún 1984 tún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà níbi tó fara sin, tí ẹni tó ń ha ti àkọ́kọ́ kì í mọ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà pẹ̀lú. Kí ẹ sì yẹ inú àwọn àpótí wò, torí rìsíìtì ibi tí wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe sábà máa ń wà níbẹ̀.

Bí ènìyàn bá ń gbé inú ọkọ̀ náà, wọn kò pa á tì, bó ti wù kó rí jágbajàgba tó. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé nìyẹn, kì í ṣe ti kíréènì. Ẹni tí wọ́n bá lé jáde láìwá ibùgbé fún un á lọ ra ọkọ̀ òkú mìíràn ní owó tí kò tó nǹkan, wàhálà á sì di méjì.

Àwọn kan ti kọ̀wé pé òfin àgbáyé ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Rárá o. Àdéhùn Nairobi lórí kíkó ọkọ̀ tó rì, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2015, dáa púpọ̀: ó ní kí olówó ọkọ̀ gbé òkú ọkọ̀ tó léwu kúrò, ó sì sọ ìbánigbófò di dandan. Àmọ́ ọkọ̀ ńlá tí ìwọ̀n àyè inú rẹ̀ (gross tonnage) tó 300 sókè ni dandan ìbánigbófò yẹn mú. Bákan náà, omi tó kọjá ààlà etíkun orílẹ̀-èdè ló wà fún. Bí orílẹ̀-èdè kan kò bá dìídì sọ pé òun fẹ́ kó kan omi etíkun òun pẹ̀lú, kò kàn án. Ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ afẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí bọ́ láàárín méjèèjì. Òfin abẹ́lé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò mú wọn.

Bó bá wá ti rì ńkọ́? Àmì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kí wọ́n sì sọ ibi tó wà fún àwọn awakọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ọkọ̀ Tricolor tó kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rì sínú òkun tó wà láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí òun àti ọkọ̀ mìíràn kọlura. Àwọn ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wà níkàlẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ Nicola sá lọ gùn ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ Vicky sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2003. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló bí búọ̀ọ̀yì pàjáwìrì aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò tí wọ́n ń gbé sí ibi ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì báyìí. Ọkọ̀ kékeré kò ní gba irú ìyẹn, àmọ́ ohun tó ń léfòó tó sì mọ́lẹ̀ lójú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbígbé e sókè jẹ́ ìṣirò kí ó tó jẹ́ agbára. Mítà onígun mẹ́ta kan omi òkun wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,025. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ipò rẹ̀ á gbé iye yẹn. Fáíbà kì í wúwo púpọ̀ lábẹ́ omi: tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 360 lọ níbẹ̀. Irin kò yí padà bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀nù kan ṣì tó nǹkan bíi kílò 870. Ọkọ̀ tó bá ní tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ fáíbà pẹ̀lú kílò 600 ẹ́ńjìnnì àti irin, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan péré ló wúwo nísàlẹ̀ omi. Ẹrẹ̀ ló ń ba ìṣirò jẹ́. Mítà onígun mẹ́ta kan ẹrẹ̀ inú ọkọ̀ lè fi ìdajì tọ́ọ̀nù kún un lábẹ́ omi, ẹrẹ̀ tó sì mú ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ń fà á sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Bí ẹ bá ń fi afẹ́fẹ́ kún àpò títí ẹrẹ̀ yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, agbára tí ẹ ti kó jọ ju èyí tí ọkọ̀ nílò lọ, yóò sì fò sókè. Bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ inú àpò ń wú sí i. Láti mítà 10 dé ojú omi, yóò di ìlọ́po méjì. Àpò á bẹ́ tàbí okùn á já, ọkọ̀ á sì padà wálẹ̀ sórí ẹni tó bá wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, àpò kéékèèké púpọ̀, tí ìsàlẹ̀ wọn ṣí tàbí tí wọ́n ní fáàfù tí ń tú afẹ́fẹ́, sàn ju àpò ńlá kan lọ. Ẹ fi omi alágbára fọ́n abẹ́ ọkọ̀ kí ẹrẹ̀ tú, kí ẹ gbé orí kan ṣáájú èkejì, kí òmùwẹ̀ sì ti jáde kúrò nínú omi kí wọ́n tó fún un ní afẹ́fẹ́ ìkẹyìn. Àwọn kan fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù lítà 200; kílò 180 díẹ̀ ló ń gbé, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dín agbára rẹ̀ kù bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A kò gbà wọ́n níyànjú.

Okùn kò gbọdọ̀ wà lára àwọn irin kéékèèké orí dẹ́ẹ̀kì. Wọ́n á fà tu ni. Bẹ́líìtì tó fẹ̀, tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ló ń gbé ọkọ̀. Níbi tí òkun bá ti ń kún tó sì ń fà dáadáa, ọ̀nà kan wà tí kò náni tó bẹ́ẹ̀: ẹ gbé báàjì méjì sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nígbà tí òkun bá fà tán, kí ẹ so bẹ́líìtì mọ́ wọn pinpin, kí ẹ sì jókòó. Omi tó ń bọ̀ ni yóò gbé e. Bí òkun bá kún ní mítà kan ààbọ̀, ọkọ̀ á ti kúrò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó fà á lọ síbi tí omi kò ti jìn, ẹ ó gbé e kalẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òkun bá tún fà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kì í já okùn.

Kété tí etí ọkọ̀ bá yọ lójú omi, ẹ dúró. Kíréènì tó bá tún ń fà lọ láti ibẹ̀ kò gbé tọ́ọ̀nù kan mọ́, gbogbo omi inú ọkọ̀ ló ń gbé: tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lè wà nínú ọkọ̀ mítà 8. Ara ọkọ̀ á ya, tàbí kíréènì á ṣubú. Kíréènì tí wọ́n kọ 25 tọ́ọ̀nù sí lára, ìgbà tí ẹrù bá súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jù ló ń gbé ìyẹn. Bí ẹrù bá jìnnà ní mítà 10, ó lè má tó tọ́ọ̀nù 6. Pọ́ǹpù ló kàn. Pọ́ǹpù oní-ínǹṣì mẹ́ta ń fa nǹkan bíi lítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, oní-ínǹṣì méjì nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Bí omi kò bá rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ihò kan wà tí ẹ kò tíì rí. Ẹ fa tápólì gba abẹ́ ọkọ̀. Omi tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà. Ihò tí ẹ bá rí, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ lábẹ́ tí wọ́n sì fi ìdè dè mọ́ra ti tó láti fi dé èbúté.

Ní fífà á lọ, ojúmọmọ ni, nígbà tí omi bá dákẹ́, kí ìyára má ju nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta lọ (bí ìyára ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn), kí ẹnikẹ́ni má sì wà nínú èyí tí wọ́n ń fà. Pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ lọ nínú rẹ̀. Ẹni kan á dúró ti okùn nínú ọkọ̀ tó ń fà pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú, torí bí ti ẹ̀yìn bá rì lójijì, ó lè fa ti iwájú tẹ̀ lé e. Pákó ló tún ń tanni jù: ọkọ̀ pákó lè rí bí èyí tó le, kí kòkòrò òkun sì ti jẹ inú rẹ̀ di afárá oyin, kí ó sì fọ́ sí méjì níbi tí bẹ́líìtì bá ti mú un. Irú ìyẹn, ẹ gbé e sórí báàjì.

Lórí ilẹ̀ ni èyí tí àwọn ènìyàn kò ń rò wà. Àbá pé kí wọ́n dáná sun wọ́n kò dáa rárá: èéfín fáíbà ní májèlé nínú, iná kì í sì jó okùn gíláàsì inú rẹ̀ tán, ẹ́ńjìnnì àti òjé ìdí ọkọ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Àbá pé kí wọ́n rì wọ́n sójú agbami fún ẹja náà kò ṣe. Àdéhùn London ti ọdún 1972 àti àtúnṣe rẹ̀ ti ọdún 1996 sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ da ọkọ̀ sínú òkun láìgbàṣẹ, ọkọ̀ fáíbà sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ dípò kó di ilé ẹja. Títú u palẹ̀ ló kù. Ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó lówó lórí: òjé, idẹ abẹ̀bẹ̀, alumíníọ̀mù òpó ìgbòkun, ẹ́ńjìnnì. Ẹ gé ìyókù lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, kì í ṣe lórí iyanrìn, kí ẹ máa wọ́n omi sí ojú ayùn, kí ẹni tó ń gé e sì wọ ìbòmú tó ń sẹ́ eruku tó kúnná jù lọ, kì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lè ní TBT, májèlé tí wọ́n máa ń fi lé kòkòrò òkun, tí àdéhùn àgbáyé fòfin dè pátápátá láti ọdún 2008. Ẹ má ha á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ irin àtijọ́ lè ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun ìdènà ooru tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, níbi páìpù èéfín. Ìyẹn gba ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fáíbà kò ṣeé yọ́ kí wọ́n tún un dà bí ike, nítorí náà ilẹ̀ ìdalẹ̀nù tàbí iná ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni ibi tó sábà ń lọ, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sì ni a yàn láàyò, torí gíláàsì inú rẹ̀ ń wọ inú sìmẹ́ńtì.

Ká wá padà sórí owó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ kẹ́yìn ni gbogbo òfin ń lé, òun náà ló sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò lówó nínú gbogbo àwọn tó ti ni ín. Ọkọ̀ tuntun ń lọ sọ́wọ́ olówó, ọkọ̀ ogójì ọdún ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á torí pé kò tó nǹkan. Kí ẹ bu owó ìtanràn lé e kò ní gbé ọkọ̀ kúrò lómi. Yóò kàn mú kó ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lóru ni. Faransé ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀ láti ọdún 2019: àwọn tó ń kó ọkọ̀ tuntun wá sọ́jà ló ń dá owó tí wọ́n fi ń tú ògbólógbòó palẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kì í san owó títú palẹ̀, owó gbígbé e débẹ̀ nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kù díẹ̀ káàtó fún ẹni tí kò lówó gbígbé e, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ dáa. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láìbéèrè púpọ̀, ìgbà tó ṣì léfòó ni wọ́n máa ń gbé e wá.

Bí àwọn aṣòfin bá wá fẹ́ tún òfin wọn kọ, gbólóhùn méjì ni a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi sí i. Èkíní: òṣìṣẹ́ tó láṣẹ lè wọ ọkọ̀ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ tó sì ń rẹlẹ̀ tàbí tó ń jò, láìdúró de ìkìlọ̀, láti fa omi rẹ̀, dí ihò rẹ̀, kó epo àti bátìrì rẹ̀, kí ó sì so ó dáadáa, olówó rẹ̀ á sì gba ẹrù rẹ̀ padà bó bá yọjú. Èkejì: ẹni tó bá ta ọkọ̀ láìyí orúkọ lórí ìwé rẹ̀ padà ṣì ni olówó rẹ̀ lójú òfin, títí ẹni tó rà á yóò fi lọ fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ tí ń gbé ọkọ̀ tó rì